Dírẹ́bà Tí Kì Í Wa Ọkọ̀

Dírẹ́bà ni wọ́n ń pè é, orúkọ yẹn gan-an ló sì ń da ọ̀rọ̀ rú. Ẹ lọ sọ fún ìyá àgbà kan pé skánà yín kò ṣiṣẹ́ torí pé kò ní dírẹ́bà. Ó máa bi yín pé ta ló ń wà á tẹ́lẹ̀, ibo ló sì ń wà á lọ. Ká ní èmi ni wọ́n ní kí n sọ nǹkan ọ̀hún lórúkọ, ògbufọ̀ ni ǹ bá pè é. Kọ̀ǹpútà ní èdè tirẹ̀, skánà náà ní tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà á ní, "Bá mi ka ojú ìwé yìí." Ògbufọ̀ á wá tú u fún skánà: tan iná, sún síwájú díẹ̀, dúró, ka ìlà kan, tún sún. Bí ògbufọ̀ bá kú, àwọn méjèèjì á kàn jókòó tí wọ́n á máa wo ara wọn. Kò sí èyí tó ń ṣàìsàn nínú wọn.

Skánà tí mò ń sọ yìí ti lé lógún ọdún. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, kí ó má di ẹjọ́. Ó fẹ́lẹ́, kò sì ní wáyà iná tirẹ̀ rárá. Wáyà USB kan ṣoṣo ló so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ibẹ̀ náà ló ti ń rí iná mu. Ẹni tó bá ń gbé níbi tí NEPA ti ń ṣe bó ṣe wù wọ́n (a kì í pè wọ́n lórúkọ mìíràn nílé wa, iye ìgbà yòówù kí wọ́n yí i padà) á mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Bátìrì láptọ́ọ̀pù ló ń bọ́ àwọn méjèèjì. Mo ti lò ó nínú òkùnkùn rí, tó jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ tó wà nínú yàrá kò ju ti ojú kọ̀ǹpútà àti ìlà tóóró tó ń rìn lábẹ́ gíláàsì lọ.

Láptọ́ọ̀pù mi àtijọ́ ló kọ́kọ́ lọ. Mo ra òmíràn, Windows 11 ló wà nínú rẹ̀. Mo so skánà mọ́ ọn, ó dún bó ṣe máa ń dún tí nǹkan tuntun bá dé, inú mi ti ń dùn. Nígbà tí mo wo inú ètò rẹ̀, àmì onígun mẹ́ta aláwọ̀ yẹ́lò ni mo bá. Mo lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, sí ojúlé àwọn tó ṣe skánà náà. Dírẹ́bà wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ti àwọn Windows àtijọ́ ni, 32-bit nìkan. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti ń fi skánà tuntun hàn mí.

Mo gbé e lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà. Ọmọkùnrin tó bá mi yẹ̀ ẹ́ wò kò lò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

"Mọ́mì, ẹ̀rọ yìí ti kú o. Ẹ jẹ́ n bá yín wá tuntun, mi ò ní jẹ́ kó wọ́n yín."

"Kò kú, ọmọ mi. Ṣé o ò gbọ́ bó ṣe dún nígbà tá a kì í bọ̀ ọ́ ni?"

"Ẹ gbọ́ mi, mà, tí nǹkan ò bá ti ní dírẹ́bà, òkú náà ni."

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo gbé ẹrù mi. Ọmọ gidi ni, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn ò kúrò nínú mi títí mo fi délé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Ibì kan wà nínú Windows tó dà bí ìyẹ̀wù ọba, kernel ni wọ́n ń pè é. Àwọn ètò tí à ń lò lójoojúmọ́, èyí tá a fi ń kọ lẹ́tà àti èyí tá a fi ń gbọ́ orin, ìta ni wọ́n ń jókòó sí. Àmọ́ ọ̀pọ̀ dírẹ́bà gbọ́dọ̀ wọ ìyẹ̀wù lọ́hùn-ún kí wọ́n tó lè jíṣẹ́. Láyé ìgbà kan, 32-bit ni kọ̀ǹpútà tí púpọ̀ nínú wa ń lò. Nígbà tó yá, ayé kó lọ sí 64-bit. Windows 64-bit ṣì máa ń gba ètò 32-bit láyè níta, ó máa ń ṣe é tí ètò náà á fi rò pé ilé àtijọ́ lòun ṣì wà. Ti dírẹ́bà kò rí bẹ́ẹ̀. Dírẹ́bà 32-bit ò lè wọ kernel 64-bit, kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀. Windows 11, tó jáde lọ́dún 2021, kò tiẹ̀ ní ti 32-bit rárá. Bí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ yín bá ti káwọ́ nílẹ̀ nígbà 32-bit, ó ti parí nìyẹn.

Ẹnì kan á ní, ṣebí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n kọ lè bá wa kọ tuntun. Ó lè kọ ọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà Windows Vista, ní 2007, ni Windows 64-bit ti ń béèrè òǹtẹ̀ lára dírẹ́bà kó tó jẹ́ kó wọ kernel. Nígbà tó di 2016, lórí Windows 10, ó di pé Microsoft fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí dírẹ́bà tuntun. Mi ò lè bá wọn jà lórí ìyẹn, ká sọ tòótọ́. Ẹni tó bá ti wọ ìyẹ̀wù lè ṣe ohun tó wù ú nínú ilé, àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ gbọ́dọ̀ wo ojú àlejò. Àwọn tó ṣe skánà náà tiẹ̀ lè ní àwíjàre tiwọn: ẹni tó kọ dírẹ́bà yẹn lè ti fẹ̀yìn tì, owó tí wọ́n pa lórí ẹ̀rọ náà sì ti tán tipẹ́. Èyí tí mi ò gbà ni pé wọn ò kọ tuntun fún wa, wọn ò sì fi èyí tí wọ́n kọ tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ kí ẹlòmíràn tún un ṣe. Kí ni wọ́n ń fi pa mọ́? Àṣírí wo ló wà nínú bí wọ́n ṣe ń sọ fún iná pé kó tàn?

Kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ bínú irú ìbínú yìí. Richard Stallman wà ní yàrá ìwádìí kan ní MIT, ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí ọdún 1980, nígbà tí Xerox fún wọn ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tuntun kan. Èyí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, Stallman ti tún ètò rẹ̀ kọ, tó fi jẹ́ pé bí ìwé bá há sí i, ẹ̀rọ náà á ránṣẹ́ sí àwọn tó ń dúró dè é. Ti tuntun, wọn ò fún wọn ní ètò rẹ̀ ní ọ̀nà tí èèyàn fi lè kà á. Ó gbọ́ pé ẹnì kan ní Carnegie Mellon ní in lọ́wọ́, ó lọ bá a, onítọ̀hún ní òun ti ṣèlérí pé òun ò ní fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó di 1983, Stallman kéde GNU, iṣẹ́ tó fẹ́ kí gbogbo ètò kọ̀ǹpútà di ohun tí ẹni tó ń lò ó lè tú wò, kó sì tún un ṣe. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń há ìwé ló ti inú rẹ̀ wá! Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ dírẹ́bà ò tó nǹkan, ẹ sọ ìyẹn fún un.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju bá a ṣe rò lọ. Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wa. Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ìwádìí kan ní ibùdókọ̀ ojú omi Èkó ní 2015 àti 2016, wọ́n rí i pé ẹ̀rọ àlòkù tó ń wọlé lọ́dún kọ̀ọ̀kan lé ní 60,000 tọ́ọ̀nù, àti pé nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ni kò ṣiṣẹ́ mọ́. Àwọn yòókù ń ṣiṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Windows bá yípadà, èyí tó ń ṣiṣẹ́ lè di èyí tí kò ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ní ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà 2025 ni Microsoft dẹ́kun àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ tó ń ṣe fún Windows 10. Kọ̀ǹpútà tí kò bá sì ní TPM 2.0, Windows 11 ò kà á kún tirẹ̀. Ilé ta ni gbogbo ìyẹn máa wá já sí? Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ìbéèrè tí gbogbo èèyàn ń bi mí ni pé kí ló dé tí mi ò fi fóònù yà á. Ohun tí mo fẹ́ yà ni kò gbà bẹ́ẹ̀. Bàbá tó bí ìyá mi jẹ́ katikíìsì, ó sì kọ ìtàn ilé wa sínú ìwé ilé ẹ̀kọ́ kan, pẹ́ńsùlù ló fi kọ ọ́: ẹni tó bí ẹni, oríkì, ohun tí wọ́n rà, ohun tí wọ́n tà. Kò fi àmì ohùn kankan sí i, àmọ́ ó máa ń fi ẹsẹ̀ sábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ. Pẹ́ńsùlù ti ń lọ. Ọ̀rọ̀ ṣì ṣeé kà, àwọn ẹsẹ̀ kéékèèké yẹn ló ń kọ́kọ́ pòórá. Bí mo bá yà á pẹ̀lú fóònù, òjìji ọwọ́ mi á bọ́ sórí ìwé, fóònù náà á sì bá mi "tún un ṣe", á nu gbogbo ohun tó bá rò pé ìdọ̀tí ni. Ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ wà lára ohun tó ń pè ní ìdọ̀tí. Skánà kì í gbọ́n jù bẹ́ẹ̀. Lórí 600 dpi, ẹsẹ̀ tí kò ju ìdajì mìlímítà lọ á gba nǹkan bíi píksẹ́ẹ̀lì méjìlá, á hàn ketekete.

Nǹkan kejì ni pé ojú ìyá mi ń lọ. Dókítà ti sọ bó ṣe máa rí. Òun nìkan ló kù láàyè tó mọ ọwọ́ ìkọ̀wé bàbá rẹ̀, tó sì lè wo ọ̀rọ̀ tí kò lámì ohùn kó mọ èyí tí bàbá ní lọ́kàn. Inú ìwé gan-an, kò rí i kà mọ́. Bí a bá fẹ̀ ẹ́ lójú kọ̀ǹpútà, ó ń rí i. Mi ò mọ̀ bóyá títí ọdún tó ń bọ̀ ni, tàbí oṣù tó ń bọ̀. Nítorí náà mi ò ní àyè láti máa bá ilé iṣẹ́ kankan fa ọ̀rọ̀.

Ọ̀nà wà tó pọ̀. Àwọn kan máa ń tọ́jú kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan pẹ̀lú Windows XP nínú rẹ̀, wọ́n á yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ skánà nìkan ni yóò máa ṣe. Ó dáa, bí tiyín bá ṣì ń tàn. Ètò kan tún wà, VueScan, tó ní dírẹ́bà tirẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún skánà. Ẹ máa sanwó, owó náà sì tọ́ sí wọn. Èmi lọ sọ́dọ̀ Linux. Mo gbé Ubuntu sórí fláàṣì, mo fi tan láptọ́ọ̀pù mi láìfọwọ́ kan Windows tó wà nínú rẹ̀. Inú Linux ni SANE wà, iṣẹ́ àwọn tó jókòó fi sùúrù wo bí skánà oríṣiríṣi ṣe ń sọ̀rọ̀, tí wọ́n sì kọ ògbufọ̀ fún wọn, ọ̀pọ̀ láìgba owó. Níwọ̀n ìgbà tí gbogbo ayé ti lè ka ohun tí wọ́n kọ, ìgbà tí kọ̀ǹpútà di 64-bit, wọ́n kàn tún un ṣe ni. Mi ò ní kí ẹ sọ Linux di òrìṣà. Àwọn náà ń ju nǹkan nù: ní òpin 2012 ni wọ́n yọ 386 kúrò, irú kọ̀ǹpútà tí Linus Torvalds fi bẹ̀rẹ̀ Linux fúnra rẹ̀ ní 1991. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kó nǹkan náà padà rí ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀.

Mo so skánà mọ́ ọn. Kò béèrè nǹkan kan. Mo ṣí ètò tí wọ́n fi ń skan, orúkọ skánà mi wà níbẹ̀, mo tẹ bọ́tìnnì, iná tàn, ó bẹ̀rẹ̀ sí kùn bọ̀ lábẹ́ gíláàsì. Mo pariwo. Màámi ní kí ló dé, ṣé ejò ni.

Ọjọ́ mẹ́ta la fi ń ṣe é, ojú ìwé mẹ́wàá lójúmọ́ kó tó rẹ̀ wọ́n. Ọjọ́ kejì la kan ibì kan tí bàbá kọ pé òun àti àbúrò òun ra "oko" lọ́wọ́ ará Ìjẹ̀bú kan ní 1938. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin mọ ibẹ̀ dáadáa. Láti ọdún tó kọjá ni wọ́n ti ń wá oko yẹn, wọ́n ti fún ẹni tó ń wọn ilẹ̀ lówó, wọ́n sì ti bá ìdílé kan jà. Mo fẹ̀ ẹ́ lójú kọ̀ǹpútà. Ẹsẹ̀ wà lábẹ́ méjèèjì, ó kéré, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ, àmọ́ ó wà níbẹ̀.

"Màámi, ẹsẹ̀ wà níbẹ̀ o. Ọkọ́ ni àbí ọkọ̀?"

Wọ́n sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà títí imú wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án.

"Ta ló máa lọ ra ọkọ́ lọ́wọ́ ará Ìjẹ̀bú, nígbà tí alágbẹ̀dẹ wà lẹ́yìnkùlé wa? Ọkọ̀ ni. Lọ́rì tó ń kó kòkó. Mo tiẹ̀ gùn ún rí, nígbà tí ó ti bà jẹ́ tán, ó wà lábẹ́ igi ọ̀sàn." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Má tíì pe àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ. Jẹ́ ká kà á tán ná. Fi èyí tó kàn sí i."