Kí Á Tó Na Aláriwo

Ọmọ 68 ni wọ́n kó lé wa lọ́wọ́ ní J.S.S. 2 nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́. Bẹ́ǹṣì tí ó yẹ fún ọmọ méjì, mẹ́rin ni ó há sórí rẹ̀. Ìmọ̀ràn kan ṣoṣo ni àwọn àgbà olùkọ́ fún wa: kí á ra pàṣán kí á tó ra ṣọ́ọ̀kì. A kò bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n a kíyè sí i pé kíláàsì tí pàṣán pa lẹ́nu mọ́ a tún máa hó bí ọjà ní kété tí olùkọ́ bá yíjú padà.

Ohun àkọ́kọ́ tí a ṣe ni pé a fòpin sí ìwé orúkọ aláriwo. Ẹ̀yin òǹkàwé wa mọ ìwé náà dáadáa. Ẹni tí ó bá fún mọ́nítọ̀ ní bísíkíìtì kò ní sí níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n jọ jà lánàá ni yóò ṣíwájú. Ọmọ tí a bá torí irú ìwé bẹ́ẹ̀ nà, ìrẹ́jẹ ni ó kọ́, kì í ṣe ìwà.

Èkejì, a máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, a ó kí wọn lórúkọ, iṣẹ́ kékeré kan yóò sì ti wà lójú pátákó. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dí, ẹnu rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè.

Síbẹ̀, ó ku ọmọkùnrin kan. Bí a bá ń ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ó bá ku ọmọ méjì kí ó kàn án ni yóò kọ bí àkùkọ. A ó ní kí ó jáde, ìwé kò sì ní kàn án mọ́. Àwọn kan ti ń sọ pé kí á lé e. Ṣùgbọ́n òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2004 sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́ àti ọ̀ranyàn títí dé ìparí J.S.S. 3, bí a bá lé ọmọ ọdún 12, níbo ni kí ó lọ?

Nígbà tí a ṣọ́ àkókò ariwo rẹ̀ ni ó yé wa: kò mọ ìwé Gẹ̀ẹ́sì kà. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kí á pè é ní ọmọ burúkú ju kí ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ àṣírí yìí lọ. Bẹ́ẹ̀, ọmọ yìí kan náà ń ka Kùránì geere ní ilé-kéú. Níbẹ̀, oníkálukú ń gbé wàláà tirẹ̀ lọ bá àfáà, ibi tí ó kà dé ni wọn yóò ti bá a tẹ̀síwájú. A yá ọgbọ́n yìí lò. Lẹ́yìn agogo ìparí, a ó fún un ní ìpínrọ̀ tí yóò kà lọ́la, a ó sì jọ kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ìwé kàn án, ó dìde, ó ka ìlà márùn-ún. Ó kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n kò kọ bí àkùkọ.

Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, a ó fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọwọ́ ọ̀tún yìí ni ó ṣọ̀wọ́n ní kíláàsì wa. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí olùkọ́ bá ránṣẹ́ pè yín pé ọmọ yín ń pariwo, ẹ kọ́kọ́ bi í pé: ìgbà wo ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀?