Orí Ọ̀ọ́dúnrún Ọmọ

₦120,000 ni mo gbà lọ́sẹ̀ yẹn. Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Lọ́kọ́ja ló san án, pé kí n bá wọn ṣiṣẹ́ òru fún ọjọ́ méje. Mo san owó ilé, mo ra epo sí mọ́tò, mo tún rí nǹkan fi ránṣẹ́ sílé ní Kàbà. Ohun tí mo fi sílẹ̀ kí owó yẹn tó wọlé ni mo fẹ́ jẹ́wọ́.

Mo ń kọ́ṣẹ́ láti di dókítà àrùn awọ ara nígbà náà, ní ilé ìwòsàn ńlá kan nílẹ̀ Yorùbá. Kò sẹ́ni tó ń gba oyè yẹn ní Ijanikin, níbi tí National Postgraduate Medical College wà, láìkọ ìwé ìwádìí ti ara rẹ̀. Ẹ̀ka wa wá rí àyè méjì gbà nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́sẹ̀ kan lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe ìwádìí. Ọ̀fẹ́ ni. Irú rẹ̀ ò sì wọ́pọ̀ fún àwa oníṣègùn awọ. Láti 1992 ni ibùdó kan ti wà fún wa ní Moshi, lọ́hùn-ún ní Tanzania, ṣùgbọ́n ta ni yóò san owó bàálù? Ọ̀gá mi, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ló fi orúkọ mi sílẹ̀. Mo lọ parọ́ fún un pé ara ìyá mi ò yá. Àbúrò kan tó wà lẹ́yìn mi lẹ́nu iṣẹ́ ló gba àyè mi.

Lọ́kàn mi, kí ni wọ́n tiẹ̀ fẹ́ kọ́ mi? Ṣebí ká ka orí tó ní làpálàpá, ká ka èyí tí kò ní?

Làpálàpá orí ni mo mú lóòótọ́, lára àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́kọ́ja. Omíyalé 2022 ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni. Odò Ọya àti Benue ti wọlé tọ àwọn èèyàn ní Ganaja àti Adankolo, ìdílé méjì-mẹ́ta há mọ́ra nínú yàrá kan, kílípà kan náà ló ń gé irun gbogbo ọmọ àdúgbò. Mo ní ibi tí iṣẹ́ mi á ti yá nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe é. Ọmọ á jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi máńgòrò, á tẹrí ba. Ojú ibẹ̀ á funfun bí eérú, irun rẹ̀ á ti kán mọ́lẹ̀, á wá ku ṣóńṣó dúdú dúdú. Èèyàn á fi ẹ̀yìn abẹ ha á jẹ́jẹ́, ìpẹ́ á máa bọ́ sórí ìwé dúdú. Tí a bá kán potassium hydroxide sí i lórí gíláàsì, tí a gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù, ohun tó ń fa làpálàpá á yọ bí òwú tín-ín-rín tó yẹ̀ka. Ó dùn ún wò. Gíláàsì ọmọ kẹtàdínlọ́gbọ̀n dára débi pé mo ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù mi.

Ogójì ọmọ àkọ́kọ́ ni mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Nígbà tí oòrùn Lọ́kọ́ja gbé tirẹ̀ dé (ẹni tó bá ti lo oṣù Kẹta níbẹ̀ rí á bá mi kẹ́dùn), mo ti abẹ bọ àpò, mo ń fi ojú lásán wo àwọn yòókù. Bẹ́ẹ̀, ìpara tí àwọn ìyá ń rà lọ́jà, èyí tí wọ́n po steroid mọ́, lè pa ojú àrùn náà dà débi tí ojú lásán ò ní dá a mọ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè ìpara tó ń lò. Ẹ sì bi mí pé kí ló dé tó fi jẹ́ 300 ọmọ? Nítorí pé ó pé geere ni. Kò sí ìṣirò kankan nídìí rẹ̀.

Àmọ́ èyí tó pa mí ò sí nínú gbogbo ìyẹn. Lẹ́tà ìyọ̀ǹda ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ àwọn tí a fi ń ṣèwádìí ò tíì jáde tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo ti kọ̀wé sí wọn. Mo ní wọn ò ní ṣàì fọwọ́ sí i. Ọ̀gá mi ṣí fáìlì mi, ó gbé lẹ́tà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́.

“Ọjọ́ wo lo kọ́kọ́ dé iléèwé yẹn?”

“Inú oṣù Kejì ni, Mà.”

“Lẹ́tà yìí ńkọ́?”

“Oṣù Karùn-ún, Mà.”

Ó pa fáìlì dé. Kò bú mi. Ó ṣáà ní kí n máa lọ.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní, “Ṣebí déètì lásán ni? Tún un kọ.” Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo kó fọ́ọ̀mù tuntun jọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dà á kọ. Mo kọ mọ́kànlá. Kì í ṣe ìwà rere ló dá mi dúró o, NEPA ló mú iná lọ.

Inú òkùnkùn yẹn ni mo ti rántí Kano, 1996. Àrùn yínrùnyínrùn ń jà, Pfizer ń dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọdé níbẹ̀. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà ni ìròyìn jáde pé lẹ́tà ìyọ̀ǹda tí wọ́n ń gbé kiri, ẹ̀yìn tí iṣẹ́ parí ni wọ́n kọ ọ́, tí wọ́n wá fi déètì àtijọ́ sí i. Mo ti fi ọ̀rọ̀ yẹn bú òyìnbó láàárín àwọn ẹgbẹ́ mi títí ẹnu mi fi gbẹ. Mo wá wo báírò tó wà lọ́wọ́ mi. Orí gáàsì ni mo ti sun mọ́kànlá náà.

Gbogbo 300 dà nù. Mi ò lè jókòó ìdánwò ọdún yẹn. Iye tí mo ti ná lórí gíláàsì, fọ́ọ̀mù àti ọkọ̀ ti ju ₦120,000 lọ tipẹ́, mi ò kà á mọ́. Mo jẹ́wọ́ irọ́ àìsàn ìyá mi fún ọ̀gá mi. Ó ní òun ti mọ̀. Àbúrò tó gba àyè mi ti di kọnsọ́tántì. Tá a bá pàdé báyìí, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ kí i.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo padà sí Lọ́kọ́ja, lẹ́yìn tí mo ti fowó ara mi kọ́ ohun tí mo kọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́tà wà lápò mi. Fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda òbí wà ní Yorùbá, Igala, Ebira àti Hausa. Ti àkọ́kọ́, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni. Obìnrin kan dúró dè mí ní géètì iléèwé, ọmọ rẹ̀ dé fìlà.

“Ọkun o, dókítà,” bí àwa ará Okun ṣe ń kíra wa. “Ẹ̀yin lẹ ha orí ọmọ mi lọ́dún tó kọjá. Kí lẹ rí níbẹ̀?”

Ó ṣí fìlà. Ojú kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ nígbà yẹn ti di mẹ́ta. Ìpara kì í wo làpálàpá orí. Oògùn mímu ni, griseofulvin, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan gbáko. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí mo ha á. Mo ní ìwádìí ni mo wá ṣe, ìtọ́jú á tẹ̀ lé e. Kò tẹ̀ lé e.

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo kọ oògùn náà sílẹ̀, mo ní kí wọ́n máa fún un lẹ́yìn oúnjẹ tó lépo. Nígbà tó kan ibi tí wọ́n ń kọ orúkọ sí, mo gbójú sókè, mo bi ọmọ náà pé kí ni wọ́n ń pè é. Lórí fóònù mi, 27 ni mo kọ sí i.