Ìgbà Tí Ènìyàn Bá Jí Ni Òwúrọ̀ Rẹ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìgbà tí ènìyàn bá jí ni òwúrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí obìnrin télọ̀ ẹni ọdún 45 bá là á mọ́lẹ̀ ní Kúta, lẹ́bàá Ìwó, pé òun fẹ́ padà sídìí ìwé, kì í ṣe òwe yìí ni wọn yóò kọ́kọ́ pa fún un. Wọn yóò bi í léèrè pé ta ni yóò máa rán aṣọ ọdún àwọn oníbàárà, níbo ni owó ilé-ìwé àwọn ọmọ yóò ti máa wá, kí sì ni àgbàlagbà ń wá láàrin àwọn tí ó lè bí lọ́mọ. Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí nítumọ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ gba irú obìnrin bẹ́ẹ̀ nímọ̀ràn kò gbọdọ̀ fojú fò wọ́n.

Ìlú Òwu ni Kúta. Olówu ni oyè ọba rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, ogun fọ́ ìlú Òwu, àwọn ọmọ rẹ̀ sì fọ́n káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Púpọ̀ nínú wọn dé Abẹ́òkúta, ibẹ̀ ni Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ti jáde. Ọdún 1958 ni ó wọ iṣẹ́ ológun. Nígbà tí ó gbé ìjọba sílẹ̀ fún alágbádá ní 1979, oko ló lọ dá sí Ọ̀tà. Ó tún di ààrẹ láti 1999 sí 2007. Ẹni tó ti ṣe gbogbo èyí lè jókòó sílé kí ó máa gba ìkíni. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó forúkọ sílẹ̀ ní NOUN, yunifásítì tí ènìyàn ti lè máa kẹ́kọ̀ọ́ láti ilé, ó kọ́ ìmọ̀ ẹ̀sìn Kírísítẹ́nì, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní oṣù Kínní ọdún 2018, nígbà tí ó ti pé ẹni ọdún 80. Yunifásítì náà fúnra rẹ̀ mọ ohun tí ìdádúró jẹ́: ọdún 1983 ni ìjọba Shehu Shagari dá a sílẹ̀, àwọn ológun tì í pa ní 1984, ìjọba Ọbásanjọ́ ló tún ṣí i ní 2001. Ilẹ̀kùn tí ó ṣí fún ẹlòmíràn ni òun náà gbà wọlé.

Àwọn kan yóò ní Ọbásanjọ́ kò ní onílé tó ń kanlẹ̀kùn. Òótọ́ ni. Ìdí nìyí tí ìtàn Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fi yẹ ní gbígbọ́. A bí i ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1909. Bàbá rẹ̀ kú ní kékeré rẹ̀, ó sì ń fi iṣẹ́ ọwọ́ wá owó ìwé. Ó ṣe olùkọ́, ó ṣe akọ̀wé, ó ṣe oníròyìn, ó ra irè oko tà, ó fi ọkọ̀ akẹ́rù ṣòwò, ó sì jẹ gbèsè. Síbẹ̀, ó ń gba ẹ̀kọ́ nípasẹ̀ lẹ́tà, títí ó fi gba oyè ìmọ̀ ìṣòwò ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1944. Ọdún náà ni ó wọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ iṣẹ́ agbẹjọ́rò, ó sì parí rẹ̀ ní 1946, ní ẹni ọdún 37. Ìyàwó rẹ̀, Hannah Ìdòwú Dídéolú, ló dúró sílé tó ń ṣòwò, tó ń tọ́ ọmọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan télọ̀ Kúta nìyí: bí ìyàwó bá lè dúró ti ọkọ ní 1944, ọkọ náà lè dúró ti ìyàwó lónìí.

Ọ̀nà náà kò ṣókùnkùn. Ẹni tí ìwé-ẹ̀rí girama rẹ̀ kò pé lè ṣe ìdánwò WAEC tàbí NECO tí wọ́n ń ṣe fún àwọn tó ti kúrò nílé-ìwé. Bí kírẹ́díìtì márùn-ún bá ti pé, NOUN kì í béèrè ìdánwò àṣewọlé JAMB, ibùdó ìkẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sì wà ní Òṣogbo.

Ṣùgbọ́n ìṣirò wà níbẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìjọba, ẹni ọdún 60, tàbí ẹni tó ti lo ọdún 35, ni òfin ní kí ó fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá gboyè ní ẹni ọdún 52 kò lè lò ju ọdún mẹ́jọ lọ níbẹ̀, bí wọ́n bá tilẹ̀ gbà á. Nítorí náà, kí ènìyàn tó san owó fọ́ọ̀mù, kí ó bi ara rẹ̀ ohun tí ó fẹ́ fi ìmọ̀ náà ṣe. Télọ̀ tó kọ́ ìmọ̀ ìṣirò owó lè sọ ṣọ́ọ̀bù oní-máṣíìnì kan di ilé-iṣẹ́ tó ń gba ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Abẹ́rẹ́ kò ní láti bọ́ lọ́wọ́ kí bírò tó wọ ibẹ̀.

Ó ku ọwọ́ ará ilé àti aládùúgbò. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Kò yẹ kí ojú ti àgbà tó jókòó ti ọmọdé láti kọ́ ìwé. Ọkọ tó bá lè dáná alẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, ọmọ tó bá lè fi bí a ṣe ń ṣí ìwé lórí fóònù han ìyá rẹ̀, oníbàárà tó bá lè gbé aṣọ wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọdún dípò ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo wọn ni wọ́n jọ ń san owó ilé-ìwé náà. Ọdún mélòó kan tí a ń bẹ̀rù yóò kọjá lórí ẹni tó kàwé, yóò sì kọjá lórí ẹni tí kò kà á.