Aago Ọwọ́ Bàbá Sàlá

Ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni ni mo wà nígbà náà. A ń ṣe eré ìparí ọdún, wọ́n sì ní kí n ṣe baba ahun kan tó máa ń ka ẹran inú ìkòkò kí ó tó jáde nílé. Lálẹ́ ọjọ́ eré, mo ka ẹran, ọ̀kan ti dín. Mo pe gbogbo ilé jọ pé kí wọ́n lanu. Bí ẹni tó ṣe àbíkẹ́yìn mi ṣe lanu gbàgà, tí mo rí èèpo ata tó lẹ̀ mọ́ ọn léyín, ẹ̀rín bù mọ́ mi lẹ́nu. Mo kẹ̀yìn sí èrò, èjìká mi ń gbọ̀n. Àwọn òǹwòran rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n sì dákẹ́. Ahun ti lọ. Èmi ni wọ́n ń wò.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo ń fi eyín di ahọ́n mú nígbà ìdánrawò, mo ń já ara mi léèékánná nítan. Pàbó ló já sí. Ẹni tó ń bá ẹ̀rín jà, ẹ̀rín náà ló ń rò.

Moses Ọláìyá, aláwàdà tí gbogbo wa mọ̀ sí Bàbá Sàlá, ló là mí lójú. Aago ràgàjì tó yẹ kó wà lórí tábìlì ló sọ di aago ọwọ́, kò sì sí ohun tó ṣàjèjì níbẹ̀ lójú tirẹ̀. Nínú Ọ̀run Móoru, fíìmù rẹ̀ tó jáde ní 1982, oníjìbìtì gba owó lọ́wọ́ ẹni tí Bàbá Sàlá ń ṣe, títí ẹni náà fi fẹ́ pa ara rẹ̀. Ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín, ẹkún ni lọ́dọ̀ tirẹ̀.

Nígbà tí a tún eré náà ṣe, mo fi ẹ̀rín sílẹ̀, mo dojú kọ ẹran mi. Mo ti rò ó lọ́kàn pé owó tó kù lápò mi ni mo fi rà á. Àbíkẹ́yìn lanu, mo tẹ̀ síwájú, mo yọjú wo ọ̀fun rẹ̀, mo ń wá ẹran ní tòótọ́. Gbọ̀ngàn rú tùù fún ẹ̀rín. Ìyàwó mi orí ìtàgé ló wá fi etí gèlè bojú.

Ìwọ tí wọ́n bá fún ní ipa aláwàdà, má wá ẹ̀rín kiri. Ẹran rẹ ni kí o máa wá; àwọn tó sanwó wọlé ló ni ẹ̀rín.