Ariwo Ẹ̀rọ Amúnáwá àti Ẹ̀tọ́ Aládùúgbò

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó fi òru ṣe ìsinmi fún ẹ̀dá. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ẹ̀yin òbí wa, ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ti ìrun tàbí ti sàká. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ amúnáwá ni, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní jẹnẹrétọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bá wa dé òpin rẹ̀, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni pẹ̀lú.

Láti ayé NEPA, títí di ọdún 2013 tí ìjọba gbé iṣẹ́ pínpín iná fún àwọn iléeṣẹ́ aládàáni, àti títí di òní, iná mànàmáná kò tíì dúró gbọn-in ní ọ̀pọ̀ àdúgbò wa. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ amúnáwá fi di ará ilé. Èyí tó kéré jù nínú wọn ni àwọn èèyàn sọ ní "I better pass my neighbour", ìyẹn ni pé, mo sàn ju aládùúgbò mi lọ. Ẹ̀rín ni a máa ń fi orúkọ náà rín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á rò ó wò. Ànábì wa sọ fún wa pé Màlékà Jibrílù ń gba òun ní ìyànjú nípa aládùúgbò títí òun fi rò pé yóò sọ ọ́ di ọ̀kan nínú àwọn tó ń jogún ẹni. Ṣé ó wá yẹ kí ọmọlẹ́yìn Ànábì yìí máa fi ariwo borí aládùúgbò rẹ̀?

Ẹ̀rọ tiwa tóbi díẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ó ti sìn wá fún ọdún mẹ́rin kí ohùn rẹ̀ tó yí padà. Láàárín àáwẹ̀ Rọmọdáànì kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n jìgìjìgì, ó ń pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta tí òkúta bọ́ sí. Obìnrin tí ilé rẹ̀ kan tiwa, nọ́ọ̀sì ni, Kìrìsìtẹ́nì sì ni. Bí ó bá ti ibi iṣẹ́ òru dé, ọ̀sán ni ó ń sùn. Bí kò bá lọ iṣẹ́ òru, iná sààrì wa ni ó ń jí i. Ní ọjọ́ kan ó wọlé wá, ó kúnlẹ̀ kí ìyá wa, ó ní: "Ẹ kú àáwẹ̀ o, Alhaja, Ọlọ́run á gbà á. Ẹ má bínú, mà, jẹnẹrétọ̀ yín yìí ò jẹ́ kí n sùn mọ́. Níjẹta, díẹ̀ ló kù kí n sùn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn."

Ìyá wa dáhùn pé: "O ṣé tí o sọ fún wa, ọmọ mi. Fún wa ní ọjọ́ méjì."

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, tí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn lóru. Nọ́ọ̀sì ti sọ tirẹ̀. Iṣẹ́ kù sí wa lọ́wọ́.

A pa ẹ̀rọ náà, a jẹ́ kí ó tutù, a sì yẹ̀ ẹ́ wò láti ibì kan dé ibì kan. Àkọ́kọ́ ni ìgbọ̀nrìrì. Rọ́bà mẹ́rin ni ó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti férémù irin tó gbé e, iṣẹ́ wọn sì ni láti gba ìgbọ̀n rẹ̀ mọ́ra. Méjì nínú wọn ti le, wọ́n ti sán, irin wá ń lu irin. A pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a sì fi sípánà di gbogbo bóòtù tó ti dẹ̀, títí kan ti táǹkì epo.

Èkejì ni ìró tó ń dún bí ìbọn níbi tí èéfín ń gbà. Sàlẹ́ńsà ni ó ń rẹ ohùn ẹ́ńjìnnì sílẹ̀. Bí ó bá dógùn-ún títí tó fi lu, tàbí bí gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín òun àti ẹ́ńjìnnì bá jóná, èéfín á gba ẹ̀gbẹ́ jáde pẹ̀lú ariwo. A rí dúdú èéfín níbi tí wọ́n ti pàdé. Àmì rẹ̀ nìyẹn. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ni a fi sí i.

Ẹ̀kẹta, fọ́ọ̀mù tó ń sẹ́ atẹ́gùn kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹni tó tún un ṣe kẹ́yìn ti yọ ọ́ dànù. Fọ́ọ̀mù yìí ń dá eruku dúró, òun àti ìdérí rẹ̀ sì tún ń dín ìró ẹ́ńjìnnì kù bí ó ti ń fa atẹ́gùn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fi èyí kún un: bí ẹ bá gbọ́ kò-kò-kò nínú ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, ẹ pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ yẹ ọ́ìlì wò. Bí ohùn rẹ̀ bá ń lọ sókè tó ń bọ̀ wálẹ̀, ó lè jẹ́ pé ìdọ̀tí wà nínú kábúrétọ̀.

Ariwo náà dín kù, ṣùgbọ́n kò tán. Oníṣẹ́ ọwọ́ kan ní kí á gbé e wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí á ti ilẹ̀kùn. A kọ̀. Carbon monoxide wà nínú èéfín rẹ̀, afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn, tó ń pa èèyàn lójú oorun. Fèrèsé ṣíṣí kò tó láti gbani lọ́wọ́ rẹ̀. Ìmọ̀ràn àwọn onímọ̀ ìlera ni pé kí ẹ̀rọ náà wà níta, kí ó jìnnà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, ó kéré tán mítà 6.

Àwọn ọmọ ní kí á gbé e lọ sí ẹ̀yìn ilé. Ibẹ̀ jìnnà sí yàrá wa, ṣùgbọ́n abẹ́ fèrèsé nọ́ọ̀sì ni. Kí á gbé ariwo kúrò ní etí wa lọ sí etí ẹlòmíràn, ìyẹn kì í ṣe àtúnṣe. Igun iwájú ọgbà, níbi tó jìnnà sí ilé méjèèjì, ni a gbé e sí, a fi táyà àlòkù tẹ́ abẹ́ rẹ̀, a sì kọ ojú sàlẹ́ńsà sí títì. Ní gbangba, bí a bá sọ ìjìnnà di ìlọ́po méjì, ariwo a máa dín ní ìwọ̀n décibel 6. Síbẹ̀, décibel 30 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 1999 pé ó yẹ kí ariwo má kọjá nínú yàrá ẹni tó ń sùn, àtúnṣe wa kò sì lè mú un débẹ̀. Nítorí náà, a bá nọ́ọ̀sì ṣe àdéhùn: aago mẹ́wàá alẹ́ ni a ó máa pa á, àtùpà tó ń gba agbára oòrùn ni a ó sì máa fi jẹ sààrì. Bí ó bá ti iṣẹ́ òru dé, yóò ránṣẹ́ sí wa, a kò sì ní tan ẹ̀rọ títí yóò fi jí.

Àwọn kan bi wá pé kí ló dé tí a fi ṣe wàhálà tó báyìí nítorí ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí. Súúrà kẹrin nínú Alùkùránì Alápọ̀n-ọ́nlé, ní áyà 36, pàṣẹ dáadáa fún aládùúgbò tó súnmọ́ni àti èyí tó jìnnà. Abdullah ọmọ Amr, sàábé Ànábì, nígbà tí wọ́n pa ẹran ní ilé rẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ bèèrè ni bóyá wọ́n ti fún aládùúgbò rẹ̀ tó jẹ́ Yàhúdì. Bí ẹran bá kàn án, oorun náà kàn án. Ìjọ́sìn wa ní òru kò sì sọ ìnira ẹlòmíràn di ẹ̀tọ́.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ jáde síta lálẹ́ òní, kí ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé aládùúgbò yín, kí ẹ fetí sí ẹ̀rọ yín láti ibẹ̀. Kí Ọlọ́hun má ṣe jẹ́ kí aládùúgbò sá fún aburú wa. Àmín.