Ẹni tó ra katakata kọ́ ni yóò jókòó lé e

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Òkè-Ògùn, ọ̀rọ̀ katakata a máa gba ẹnu àwọn àgbẹ̀ tí oko wọn tóbi. Ọ̀pọ̀ wọn ni agbára wọn kò ká tuntun, tòkunbọ̀ ni wọ́n ń wá. Ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tó ń tà á kò ju mẹ́ta lọ: Èló ni? Agbára ẹṣin mélòó ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní? Ṣé wọ́n ń rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà lọ́jà? Ìbéèrè ọlọgbọ́n ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí ẹ̀rọ tó bá kú sóko nígbà ìtúlẹ̀ tí kò sì sí ẹ̀yà rẹ̀ lọ́jà, irin lásán ni.

Ìbéèrè kẹrin ni wọn kì í sábà béèrè: ta ni yóò máa wà á? Olówó ló ń rà á, awakọ̀ àgbàṣe ló ń jókòó lé e láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ohun tí olówó bá fojú fò dá lọ́jà, ara awakọ̀ ni yóò san án lóko.

Bí ohun tí katakata ń fà bá há mọ́ kùkùté, tí awakọ̀ sì tẹná mọ́ ọn, iwájú rẹ̀ lè gbéra nílẹ̀, kí ó sì dojú dé lé awakọ̀ lórí kí ó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Nítorí irú ikú bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ Sweden fi ṣòfin ní 1959 pé katakata tuntun gbọ́dọ̀ ní irin ààbò lókè ìjókòó. Láti ìgbà náà, irú ikú yìí dínkù gidigidi níbẹ̀. Irin náà nìkan kò tó, bẹ́líìtì ni yóò mú awakọ̀ dúró sábẹ́ rẹ̀. Irin tí wọ́n bá sì ti gé tàbí tí wọ́n jó pọ̀, kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé mọ́.

Ọ̀pá tó ń yí lẹ́yìn katakata tún ń bẹ. Lára ọ̀pọ̀ wọn, ìgbà 540 ló ń yí ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ìgbà 9 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ìbòrí rẹ̀ bá ti sọnù, etí aṣọ kan ṣoṣo ti tó láti fa odindi ènìyàn wọlé.

Ní ti ìrọ̀rùn, àwọn kan kà á sí afẹ́. Bẹ́ẹ̀ ìjókòó tí kò ní sìpíríìǹgì ń ba ọ̀pá ẹ̀yìn jẹ́ díẹ̀díẹ̀, ariwo ẹ́ńjìnnì ń di etí, oòrùn ń mú àárẹ̀ wá. Awakọ̀ tó ti rẹ̀ kì í tètè rí kùkùté. Ìlera loògùn ọrọ̀. Ọrọ̀ olóko pàápàá wà nínú ìlera awakọ̀ rẹ̀.

Kí olówó tó sanwó, ó yẹ kí ó mú awakọ̀ rẹ̀ dání lọ sọ́jà. Kí awakọ̀ náà jókòó, kí ó so bẹ́líìtì, kí ó tẹ bíréèkì, kí ó wo ìbòrí ọ̀pá. Bí ó bá mi orí, kí olówó wá òmíràn, bí iye rẹ̀ tilẹ̀ fi díẹ̀ ga sí i. Katakata tó bá bàjẹ́ ṣeé tún ṣe. Ẹni tó kú sábẹ́ rẹ̀ kò ní ẹ̀yà lọ́jà.