Àpò Màyó Kan Ṣoṣo

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí ti wà nínú wa láti ìgbà ọyẹ́. Ìtìjú ni kò jẹ́ ká tètè sọ ọ́.

Àwa bí ogún ọkùnrin la máa ń gbá bọ́ọ̀lù láràárọ̀ ọjọ́ Àìkú ní Kétu. Láti aago 6 la ti ń sáré díẹ̀díẹ̀ kọjá níwájú Àkàbà Ìdénà kí a tó dé pápá. Ọmọ ọdún 18 wà nínú wa, ẹni tó ti ní ọmọ-ọmọ náà wà. Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún wa. Ìlera la ń wá, àti ẹ̀rín.

A ní àpò kan. Inú rẹ̀ ni màyó wa wà, pupa mọ́kànlá, àwọ̀ ewé mọ́kànlá. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé á fa èyí tó wù ú yọ. Bó bá rẹ̀ ẹ́, á bọ́ ọ, á jù ú sí ẹni tó ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ìyẹn á sì gbé e wọ̀ tòun ti òógùn. Bí eré bá parí, a ó kó gbogbo rẹ̀ padà, a ó so ẹnu àpò pa, ó di ọjọ́ Àìkú mìíràn. Aṣọ ìnura kan tún wà tó ń ti ọwọ́ dé ọwọ́. Bí a bá délé, àwọn kan nínú wa á fín lọ́fínńdà lé òógùn, ó di ìdí ẹmu. Omi kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ́dọ̀ wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀yin náà mọ̀. Àwíjàre wa nìyẹn.

Làpálàpá wá yọ sí apá ọ̀rẹ́ wa kan tó jẹ́ aránṣọ. Ó rí roboto, etí rẹ̀ ga, àárín rẹ̀ mọ́. Kò pẹ́ tó fi dé ọrùn. A bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe yẹ̀yẹ́. A sọ ọ́ ní orúkọ kan tí a ò ní kọ síbí. Bó bá fẹ́ mu omi, ẹnìkan á ní kó bu tirẹ̀ sọ́tọ̀. Àwa ń rẹ́rìn-ín, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, kò wá mọ́.

A ò mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ̀ ti ń bàjẹ́. Aránṣọ ni, ọwọ́ ló fi ń wọn èèyàn. Àwọn obìnrin rí apá yẹn, wọ́n kó aṣọ wọn lọ síbòmíràn. Ó ra ìpara kan lọ́jà, irú èyí tó ń bó ara. Ìyún náà rọlẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, àmọ́ nígbà tó padà dé, ó fẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ìgbà tí aṣọ́lé wa rí i lórí ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́rin ni ẹ̀rín tó tán lẹ́nu wa. Irun ọmọ náà ń já lójú kan, ibẹ̀ sì ń ṣí bí ìpẹ́. Ọmọ yìí kò gbá bọ́ọ̀lù rí. Bàbá rẹ̀ ló máa ń gbé e mọ́ra bó bá ti pápá dé, kó tó wẹ̀.

Obìnrin kan tó ń tọ́jú aláìsàn, tí gbogbo wa ń pè ní dókítà, wo orí ọmọ, ó wo ikùn bàbá, ó ní kí bàbá bọ́ bàtà. Àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ti funfun, ó ń bó. Ó wá béèrè pé: "Ta ló ń fọ màyó yín?"

Aṣọ́lé gbé ìbéèrè náà wá sí pápá. A wo ara wa. Oníkálukú ti rò pé ẹlòmíràn ni.

A bẹ dókítà pé kó wá bá wa sọ̀rọ̀. Ó ní òógùn fúnra rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ rùn. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé lára wa, pàápàá lábíyá, ló ń jẹ ohun tó wà nínú rẹ̀, òórùn á sì jáde. Lọ́fínńdà kàn ń bò ó ni. Ó ní làpálàpá kì í ṣe aràn, ìdílé kan náà ló wà pẹ̀lú olú inú igbó àti ohun tó ń bo búrẹ́dì tó bá bu. Ibi tó móoru tó sì ní ọ̀rinrin ló fẹ́ràn: itan, àárín ìka ẹsẹ̀, àti inú àpò tí a so pa.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ló pẹ́ lé jù. Ó ní ká nu àárín ọmọ ìka gbẹ, ká ní aṣọ tí a ó máa fi nu ẹsẹ̀ nìkan, ká jẹ́ kí bàtà rí afẹ́fẹ́ kó tó tún wọ ẹsẹ̀. Ó ní bí ẹsẹ̀ bá ń yún èèyàn, kó wọ ìbọ̀sẹ̀ kó tó wọ pátá. Ẹ̀rín sọ. Bàbá tó dàgbà jù nínú wa ní, "Ìyá mi, láti ọjọ́ tí mo ti ń wọ pátá, n kò gbọ́ irú èyí rí." Ó dá a lóhùn pé, "Bàbá, pátá tó bá gba ara ẹsẹ̀ kọjá ló ń gbé e lọ sí itan." Kò sẹ́ni tó tún rẹ́rìn-ín.

A dárúkọ omi. Ó ní garawa kan àti ọṣẹ tó fún abíyá, itan àti ẹsẹ̀. Ó ní kí ẹni tó bá ń lo oògùn má ṣe dá a dúró ní ọjọ́ tí ojú ibẹ̀ bá mọ́, kó lò ó dé ọjọ́ tí wọ́n dá fún un. Ti orí ọmọdé, oògùn mímu ni, torí ìpara kì í dé ìdí irun. Ìpara tó ń bó ara, ó ní oògùn tó wà nínú ọ̀pọ̀ wọn á pa ìyún, làpálàpá á sì máa tàn lábẹ́lẹ̀.

Ìgbà náà la rántí aránṣọ.

Àwa márùn-ún lọ bá a nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Kò dúró, ó ń wa ẹ̀rọ rẹ̀ lọ. Bàbá ní, "Àbúrò, àwa la ṣẹ̀ ọ́. Inú àpò wa lo ti kó o." Ó ní, "Ẹ káalẹ́, bàbá. Ti làpálàpá kọ́ ló ń dùn mí. Ọmọ mi gbọ́ orúkọ tí ẹ sọ mí nílé-ẹ̀kọ́ rẹ̀." A ò rí èsì fọ̀. Bàbá ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún. A jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ó ti lọ rí dókítà, ara rẹ̀ sì ti mọ́. Òun la gbé màyó tuntun fún: ogún, ojú kan pupa, ojú kejì àwọ̀ ewé, kí oníkálukú máa gbé tirẹ̀ lọ sílé lọ fọ̀, kó sá a sóòrùn. Kò dín kọ́bọ̀ fún wa. A ò sì bẹ̀ ẹ́ pé kó dín in.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ló padà sí pápá, tòun ti aṣọ ìnura tirẹ̀ léjìká. Ó rìn gba ẹ̀gbẹ́ Bàbá kọjá, ó dúró, ó tún padà sẹ́yìn.

"Bàbá, ẹ ò fọ èyí."

Bàbá ní òun fọ̀ ọ́. Ó ní kí Bàbá bọ́ ọ kí òun fi imú òun wò ó.